Ta Ló Ń Gbọ́ Ti Òbí?

Ọ̀rọ̀ bàbá kan sí ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá àti ti Ajeromi-Ìfẹ́lódùn

Iṣẹ́ kílíárìn ni mò ń ṣe ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Lọ́pọ̀ ìgbà ni kọ́sítọ́ọ̀mù àti NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, ti mú kọ́ńtẹ́nà tramadol, oògùn ìrora, níbẹ̀, tí àwa á dúró wòran, tí a ó máa mi orí. N kò mọ̀ pé èyí tí wọn ò rí mú ti ń sùn lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ mi ní Olódì.

Àkọ́bí mi ni. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tí mo mọ̀, mọ́tò bọ́ì lórí tírélà. Ẹ rántí àwọn ọdún tí tírélà ń tò láti Mile 2 dé Tin Can, kí ìlànà Ètò tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ wọlé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021, tí dírẹ́bà ń lo ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì lójú títì. Oògùn ìrora yẹn ni wọ́n fi ń lé oorun, òun náà ni wọ́n fi ń pa ẹ̀yìn ríro. Kì í ṣe fàájì ló mú ọmọ mi débẹ̀. Iṣẹ́ ni.

Fáànù ló kọ́kọ́ pòórá nílé. Lẹ́yìn náà, sìlíńdà gáàsì. Lẹ́yìn náà, owó àjọ tí ìyá rẹ̀ kó wálé láti ọjà Boundary, owó obìnrin 12. A san án. A tún san gbèsè tó jẹ ní jọ́ìǹtì tí wọ́n ti ń ta oògùn náà, torí wọ́n ní àwọn á ṣe é léṣe. Ó sunkún, ó búra, a gbà á gbọ́. Oṣù kan kò pé. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, ó ní ọmọ tó bá dára ti bàbá ni, èyí tí kò dára ti ìyá. Ìyàwó mi jókòó níbẹ̀. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú mi kọ ìwé yìí.

Ẹ má rò pé ilé kan ló ń jó. Ìwádìí tí NBS, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró, gbé jáde lórí ọdún 2017 sí 2018 ní mílíọ̀nù 14.3 èèyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró, tàbí tí wọ́n ṣi oògùn ìwòsàn lò, láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà. Èkó ló ga jù: 33 nínú 100. Ìwádìí kan náà ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú 8 tí lílò ẹlòmíràn ti ṣe lọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ ni àwa wà.

Ta la fẹ́ ké pè? Òfin NDLEA, tó ti wà láti 1989, ní ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 fún ẹni tó bá lo kokéènì, hẹroíìnì tàbí èyí tó jọ wọ́n. Lóòótọ́, àjọ náà ní àwọn agbaninímọ̀ràn, ó sì ní nọ́ńbà tí òbí lè pè. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn àti ẹni tó ń já ilẹ̀kùn ń jẹ́ lójú ará àdúgbò. Ìyá wo ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ọmọ rẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí òbí fi ń gba ẹ̀yìnkùlé. Ní oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde nínú ilé kan tí wọ́n ní àwọn ti ń tún ìwà ọmọ ṣe ní Òjòó, n'Ìbàdàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n ti tú èèyàn tó lé ní 300 sílẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Rigasa, ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ wọn nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Gbogbo ayé bú àwọn onílé náà, ó sì yẹ. Ta ló wá mú púpọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀? Ẹbí wọn ni. Mo mọ ohun tó ń gbé èèyàn dé irú ibẹ̀, torí èmi náà ti béèrè iye tí wọ́n ń gbà rí.

Bẹ́ẹ̀ a ti mọ ọ̀nà tó dáa tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, kò ti àwọn aláàárẹ̀ ọpọlọ mọ́lé. Ó bá àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká sọ̀rọ̀, àwọn ará abúlé fún àwọn aláàárẹ̀ ní yàrá, ṣùgbọ́n aláàárẹ̀ kì í dá wá. Ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ẹlòmíràn nínú ẹbí á bá a wá, á máa se oúnjẹ fún un, á máa mú un lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. N kì í ṣe oníṣègùn. Ohun tí mo rí fà yọ nínú iṣẹ́ bàbá yẹn ni pé ẹbí kì í ṣe àlejò níbi ìtọ́jú. Nílé-ìwòsàn tí a gbé ọmọ wa lọ (n kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn dókítà ibẹ̀ sapá), ọ̀sẹ̀ 6 la fi ń lọ tí à ń bọ̀, kò sẹ́ni tó bi ìyá rẹ̀ bóyá ó ń sùn. Wọ́n dá a padà fún wa pẹ̀lú káàdì tí wọ́n kọ ọjọ́ ìpadàwá sí. Bó bá béèrè owó lọ́la ńkọ́? Káàdì ò sọ.

Ohun tí a ń béèrè kéré: yàrá kan ní ilé-ìwòsàn alábọ́ọ́dé kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti nọ́ọ̀sì kan tó kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Kó gbọ́ Yorùbá, kó gbọ́ píjìn, torí àwa àti Íjọ̀, Ùróbò, Ìgbò àti Ìlàjẹ la jọ ń gbé ojúlé kan ní Ajégúnlẹ̀. Kó kọ́ wa pé bí ọmọ bá mu ún yó tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, ká fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ká sì sáré gbé e lọ. Ká má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, kó má baà dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Kó kọ́ wa bí a ṣe ń gbé oúnjẹ fún ọmọ láìgbé owó fún un. Kí ìjọba sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí òbí bá sọ nínú yàrá yẹn kò ní di ẹjọ́ sí ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Láìsí èyí, ẹnikẹ́ni ò ní wá. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà láti oṣù kìíní 2023, ó ti lé òfin tí òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ lọ. Kò tíì dé òpópónà wa.

Àwọn kan á ní ẹni ọdún 27 ti kúrò lọ́mọdé, ẹ lé e jáde. Mo ti lé e rí. Ọjọ́ kẹta ni mo lọ gbé e lábẹ́ bíríìjì. Àwọn mìíràn á ní ọmọ kì í burú títí ká lé e fẹ́kùn pa jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe yẹn ò ní kí ìyá mú ẹkùn wọlé. Àárín méjèèjì ni à ń wá, kò sì sẹ́ni tó lè dá a wá rí lóru. Bí owó ni ìjọba ń rò, lọ́dún 1951 tí Lois Wilson àti àwọn obìnrin mìíràn dá Al-Anon sílẹ̀ l'Amẹ́ríkà fún ẹbí àwọn ọ̀mùtí, àga àti ẹnu tó ń sọ òótọ́ ni púpọ̀ nínú ohun èlò wọn.

Ìyàwó mi ti yan ọjọ́ tí àwa òbí máa pàdé: Ọjọ́rú, agogo 6 ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà Boundary bá ń tú. Ìyá 5 ti ní àwọn á wá, bàbá 2. Ọmọ wa wà nílé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó mu ún lánàá, kò tíì mu ún lónìí. A ti rí àga yá. Yàrá ló kù.