Bí ekógíráfì kò bá rí òkúta ní ojú ọ̀nà òróòro, ṣé kò sí òkúta níbẹ̀ lóòótọ́?

Àhesọ: Tí ekógíráfì kò bá ti rí òkúta ní ojú ọ̀nà òróòro, kò sí òkúta níbẹ̀ nìyẹn. Ibà pọ́njú lásán ni. Kí aláìsàn máa mu àgbo, tàbí kó fi òróró ólífì àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù fọ inú.

Àbájáde ìwádìí: Ìṣinilọ́nà ni!

Ní kíkún

Tí ẹ bá ń gbé Marcory, ní Àbíjàn, tí ẹ sì wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ Yorùbá ibẹ̀, ó ṣeé ṣe kí irú ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín rí. Funfun ojú ẹnì kan di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí omi tíì. Ó lọ ṣe ekógíráfì, bébà tó gbà bọ̀ sì ní àwọn kò rí òkúta ní ojú ọ̀nà òróòro. Kíá, ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní àgbo ibà pọ́njú ló kàn. Ẹlòmíràn á fi àwòrán nǹkan roboto aláwọ̀ ewé ránṣẹ́, á ní òkúta tí òun yà jáde lẹ́yìn òróró ólífì rèé.

Àwòrán méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: èyí tí wọ́n yà nílé ìwòsàn àti èyí tó ń yí ká lórí fóònù. A yẹ méjèèjì wò.

Ìfìdíòdodomúlẹ̀

Òróòro ni omi kíkorò tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kí ọ̀rá inú oúnjẹ lè dà. Àpò kékeré kan lábẹ́ ẹ̀dọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀nà tóóró kan ló sì ń gbé e lọ sínú ìfun. Inú àpò yẹn ni òkúta ti sábà máa ń ṣù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì yọ ẹni tó ní in lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá bọ́ sí ọ̀nà tóóró náà, òróòro kò ní ríbi kọjá. Ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ìgbẹ́ á ṣì funfun, ara á máa yún ni.

Ekógíráfì dára gan-an fún wíwo inú àpò òróòro. Ọ̀nà tóóró yẹn ló ń fún un ní wàhálà, torí afẹ́fẹ́ inú ìfun sábà máa ń bo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2015, àjọ Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, tẹ àbájáde kan jáde: nínú 100 ènìyàn tó ní òkúta ní ojú ọ̀nà òróòro, ekógíráfì rí ti nǹkan bíi 73. Nǹkan bíi 27 ni wọ́n máa sọ fún pé kò sí, tó sì wà. Tí ẹ bá wá kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá tí iná kò sí, tí ẹ kò rí i, ẹ kò lè búra pé kò sí nínú yàrá.

Ìdí nìyí tí dókítà kì í fi àwòrán kan ṣoṣo parí ọ̀rọ̀. Á wo bí ọ̀nà náà ṣe fẹ̀ tó: tó bá ju mílímítà 6 lọ lára ẹni tí àpò òróòro rẹ̀ ṣì wà, ìfura wà. Á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti mọ iye bilirubin, ohun tó ń mú ojú pọ́n.

Kí ni bébà náà ń sọ?

Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ bébà ní Àbíjàn. Ohun tí àwọn orúkọ wọ̀nyí túmọ̀ sí nìyí:

- Bili-IRM: ẹ̀rọ alágbára òòfà ló ń ya ọ̀nà òróòro. Wọn kì í ki nǹkan kan bọ ọ̀nà ọ̀fun, kò sì ní ìtànṣán ẹ́síréè. Nínú ìwádìí Cochrane, ó rí 93 nínú 100. Òkúta tó kéré gan-an lè bọ́ mọ́ ọn lójú. Ẹ sọ fún wọn tí irin bá wà nínú ara yín.
- Écho-endoscopie: wọ́n máa ń gba ẹnu ki okùn tó ní ekógíráfì kékeré lórí wọ inú, títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, níbi tó ti sún mọ́ ọ̀nà òróòro. Ó rí 95 nínú 100.
- Scanner: ó wúlò fún wíwo ewu mìíràn nínú ikùn, ṣùgbọ́n àwọn òkúta kan wà tí kì í hàn nínú rẹ̀.
- CPRE: ìtọ́jú ni èyí. Okùn oníkámẹ́rà á gba ẹnu wọlé, wọ́n á fa oògùn tó ń hàn nínú ẹ́síréè sínú ọ̀nà òróòro, wọ́n á gé ẹnu ọ̀nà náà díẹ̀, wọ́n á sì wọ́ òkúta náà jáde. Ọdún 1974 ni àwọn dókítà ní Japan àti Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹnu ọ̀nà náà báyìí.

Ẹ lè béèrè pé, kí ló dé tí wọn kì í kúkú ṣe CPRE fún gbogbo ènìyàn? Torí pé nínú 100 tó ṣe é, nǹkan bíi 3 sí 10 ni ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní pancreas máa ń wú fún lẹ́yìn rẹ̀, èyí sì lè le. Nítorí náà, ìlànà tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019 sọ pé kí ẹni tí àmì òkúta hàn gbangba lára rẹ̀ lọ ṣe CPRE tààrà, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ìfura rẹ̀ wà ní agbede-méjì kọ́kọ́ ṣe bili-IRM tàbí écho-endoscopie.

Àwòrán orí fóònù ńkọ́?

Lọ́dún 2005, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé ọ̀rọ̀ obìnrin ẹni 40 ọdún kan ní New Zealand jáde, ẹni tó mu òróró ólífì àti omi lẹ́mọ́ọ̀nù, tó sì gbé "òkúta" tó yà wá sílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì yọ́ di òróró nígbà tí wọ́n mú un gbóná. Òróró tó mu ló ṣù bí ọṣẹ nínú ìfun rẹ̀. Òkúta òróòro kì í yọ́ bẹ́ẹ̀.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù?

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń tètè ní òkúta òróòro, nígbà míì láti kékeré. Ojú rẹ̀ sì sábà máa ń pọ́n tẹ́lẹ̀, torí náà àwọn ará ilé lè má fura. Ojú pípọ́n tún lè wá láti ara àrùn mẹ́dọ̀wú. Àyẹ̀wò ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe àgbo.

Àkótán

"A kò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí". Tí ekógíráfì bá mọ́ ṣùgbọ́n tí ojú ṣì pọ́n, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú gbogbo bébà yín, kí ẹ bi í bóyá bili-IRM tàbí écho-endoscopie yẹ yín. Tí ojú pípọ́n bá wá pẹ̀lú ibà, ìgbọ̀nrìrì àti inú rírun lápá ọ̀tún, ẹ má dúró dọ̀la. Kòkòrò àrùn lè ti wọ ọ̀nà òróòro, ó sì ń yára pani. CHU Treichville kò jìnnà sí Marcory. Ẹ gbé aláìsàn lọ kí ẹ tó dáhùn ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp.