Ìsoríkọ́ Kì í Ṣe Ara Ogbó

Ní Apa, létí òkun Àgbádárìgì, inú ilé ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń gba ìtọ́jú: wọ́n gbé oúnjẹ wá, wọ́n fún wọn lóògùn. Ta ló ń béèrè bí ọkàn wọn ṣe rí?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí láàárín àwọn Yorùbá tó ti pé ọdún 65 sókè. Nǹkan bí 7 nínú 100 ni ìsoríkọ́ ńlá bá láàárín ọdún kan. Àìsàn ni, ó sì ṣeé wò, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ń pè é ní ara ogbó.

Ìsoríkọ́ lè sún èèyàn débi tí á fi fẹ́ pa ara rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn Èkó ti ọdún 2011 ní ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ rán ẹni tó gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ti pẹ́ jù. Bí ìyá àgbà bá ní ayé sú òun, kí olùtọ́jú rẹ̀ bi í ní tààrà bóyá ó ń ronú ikú. Ìbéèrè náà kì í ti èrò ọ̀hún sí i lọ́kàn. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n sì tètè mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà.