Ilé Ti Wà, Nọ́ọ̀sì Dà?

Ẹ̀yin ará wa lóko àti ní abúlé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí a fẹ́ ilé ìwòsàn ní abúlé wa, mo wà lára àwọn márùn-ún tó wọ agbádá lọ bá alága kánsù. A dọ̀bálẹ̀, a ní kí wọ́n ṣàánú wa. Wọ́n sì ṣe é lóòótọ́: ilé oníyàrá mẹ́fà, wọ́n kùn ún ní funfun àti àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, a ta àgọ́, a lu ìlù, a jẹ ìrẹsì. Èmi ni mo dìde dúpẹ́ lórúkọ abúlé.

Lónìí, ewúrẹ́ ló ń sinmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń ti ìlú wá. Bó bá tètè dé, aago mẹ́wàá ni. Tí aago méjì bá fi máa lù, ó ti wà lórí ọ̀kadà tó ń gbé e padà. Lóru, àgádágodo ló ń gbàlejò. Ọmọ àbúrò mi kan rọbí ní nǹkan bí aago kan òru. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn náà, tí à ń pè ní sẹ́ńtà, wọ́n kan ilẹ̀kùn títí, ajá nìkan ló dá wọn lóhùn. Ọ̀kadà kan náà ló tún gbé e síwájú, òun láàárín, ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tó ń dì í mú. Wọn ò dé ìlú. Ẹ̀bá ọ̀nà, nítòsí ahéré àgbẹ̀ kan, ló bímọ sí, ìyá arúgbó kan tó mọ̀ nípa ìgbẹ̀bí ló sì fi iná fóònù gba ọmọ náà. Ìyá yè, ọmọ yè. Ilé tí a torí rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ohun tí à ń bèèrè kò tọ̀nà, ọ̀nà tí à ń gbà bèèrè rẹ̀ sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olóṣèlú fẹ́ràn kí abúlé máa bèèrè ilé. Ilé ṣeé kùn, ó ṣeé yà ní fọ́tò, ó ṣeé kọ orúkọ sí lára, agbaṣẹ́ṣe náà sì ń rí jẹ níbẹ̀. Owó oṣù nọ́ọ̀sì kò ní ọjọ́ ìṣílé. Oṣooṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ san án, kò sì sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé ènìyàn ló ń wo aláìsàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, kọ́kọ́ mú ìjọba ìbílẹ̀ 52 láti fi ṣe àpẹẹrẹ ètò ìlera alábọ́dé: abẹ́rẹ́ àjẹsára, omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ìtọ́jú aboyún, gbogbo rẹ̀ nítòsí ilé. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn agbẹ̀bí tó ní ìwé ẹ̀rí lọ sí ìgbèríko. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín wọn sí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn. Ẹnì kan kò lè ṣiṣẹ́ ọ̀sán kó tún ṣe ti òru, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n jẹ́ mẹ́rin. Ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti kánsù ló yẹ kí wọ́n jọ dáwó oṣù wọn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àti kánsù kò mú tiwọn wá déédéé, àwọn agbẹ̀bí náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo máa ń bi ara mi pé abúlé mélòó ló kọ̀wé nígbà yẹn pé àwọn kò gbà.

Ẹ ó ní owó ńkọ́? Owó wà nínú òfin. Òfin Ìlera tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2014 pàṣẹ pé nínú gbogbo ₦100 tó bá wọ àpò ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n yọ ₦1, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé. 2015 dé, ó lọ. 2016 dé, ó lọ. 2017 pẹ̀lú. Wọn kò fi owó náà sínú ìṣúná. Àwọn ẹgbẹ́ tó jà fún òfin náà kò lọ sùn. Wọ́n ń lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, ìbéèrè kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń tẹnu mọ́, àfi ìgbà tí ìṣúná 2018 jáde tí ohun tó lé ní ₦55 bílíọ̀nù sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ tí òfin ti sọ tán, ó lé ní ọdún mẹ́ta tí wọ́n tún fi bèèrè rẹ̀.

Apá kan nínú owó yẹn ń gba ọ̀dọ̀ ètò adójútòfò ìlera lọ, láti fi tọ́jú aboyún, ọmọ kékeré àti tálákà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Apá mìíràn ń wọ àpò báńkì sẹ́ńtà fúnra rẹ̀, fún oògùn, àtúnṣe àti àwọn nǹkan kéékèèké. Ìlànà sì ni pé kí alábòójútó sẹ́ńtà àti ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù jọ jókòó kọ bí wọn yóò ṣe ná an. Ta ni alága ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù yín? Ẹ rò ó ná. Èmi gan-an kò mọ tiwa títí di èṣí. Nígbà tí mo wádìí, orúkọ ẹni tó ti kú ni mo bá nínú ìwé.

Ta wá ni kí a bi? Tí ẹ bá dé kánsù, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, bọ́ọ̀dù ìlera alábọ́dé ti ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é. Tí ẹ bá dé bọ́ọ̀dù, wọ́n á ní àpò kánsù ni owó oṣù ti ń jáde. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sọ wá dà, ọ̀kadà la sì ń fowó wọ̀ láàárín wọn. Nítorí náà, ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí àwọn méjèèjì, kí orúkọ méjèèjì wà lókè rẹ̀, kí oníkálukú rí i pé ẹnìkejì òun ti gbọ́.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ bárà. Òfin 2011 lórí ẹ̀tọ́ aráàlú láti gba ìròyìn fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè lọ fẹnu sọ ọ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà nínú òfin bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fi òpin sí ìyẹn ní 2025, nínú ẹjọ́ kan tó ti Ìpínlẹ̀ Ẹdó wá.

Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà tó jáde, ẹ ra ìwé olójú ewé 40. Ẹ gbé e fún tíṣà, tàbí ìyálọ́jà, tàbí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ gíga tí kò tíì ríṣẹ́. Ìgbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá dé sẹ́ńtà tó bá a ní títì, kí wọ́n kọ ọ́: ọjọ́, aago, àìsàn tó gbé e lọ, iye tó fi wọ ọ̀kadà dé ibòmíràn. Oògùn tí wọ́n ní kò sí, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí a bá fẹnu sọ, wọ́n á ní àsọdùn ni. Èyí tó ní ọjọ́ àti aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò rọrùn láti fọwọ́ rọ́ dànù. Tó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ sì tètè gbé e lọ kí oṣù kẹsàn-án tó parí, torí ìparí ọdún ni ìṣúná ìpínlẹ̀ ń dé iwájú àwọn aṣòfin. Ẹni tó bá dé ní oṣù kejìlá, wọ́n ti pín in tán.

Ẹ má sọ nọ́ọ̀sì di ọ̀tá. Mo bá tiwa sọ̀rọ̀. Ó ní yàrá tí wọ́n ní kí òun máa sùn sí ń jò, kò sí iná, kò sí omi, ilẹ̀kùn kò sì ní kọ́kọ́rọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ti wà ní ìlú Ọba. Ta ni nínú wa ló máa jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ sun ibẹ̀? Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun fi bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ lọ́dún kan, Ọlọ́run á bù kún wọn, ọ̀rá ìdì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ di òní. Ì bá sàn ká ní páńẹ́ẹ̀lì sólà méjì àti orí ilé tí kò jò ni wọ́n fowó ṣe.

Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Òǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè fún àwọn aboyún ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ ní 2009, láyé Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, ibi tí aboyún ti ń pẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wò: nígbà tó ń pinnu, lójú ọ̀nà, níwájú òṣìṣẹ́, àti nígbà tí wọ́n bá ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n fún àwọn aboyún ní fóònù, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ tó ń tọ̀ wọ́n wá sílé. Ohun tó yẹ ká máa bèèrè nìyẹn, ẹni tó máa gbé fóònù lóru.

Bí lẹ́tà tiwa ṣe lọ rèé. Ẹ dà á kọ, ẹ yí orúkọ padà.

“Sí Dókítà àgbà ètò ìlera ní kánsù, àti Akọ̀wé Bọ́ọ̀dù Ìlera Alábọ́dé ti Ìpínlẹ̀. Àwa ará wọ́ọ̀dù yìí fẹ́ mọ nǹkan mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí mélòó ló wà nínú ìwé owó oṣù pé sẹ́ńtà wa ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́? Ta ló yẹ kó wà níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀? Èló ló wọ àpò báńkì sẹ́ńtà náà láti oṣù kìíní ọdún yìí, kí ni wọ́n sì fi ṣe? À ń retí èsì láàárín ọjọ́ 7, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Àkọsílẹ̀ àwọn òru tí a bá ilẹ̀kùn ní títì wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.”