Òṣùwọ̀n àgbàbọ̀ ni wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ ẹnu màlúù wa

Ní oṣù Keje, ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú kéde pé ìjọba àpapọ̀ yóò dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ mímójútó ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìkan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó pọ̀ jù nínú ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì fẹnu kò pé láti ọdún 2030, àgbẹ̀ tó bá ń sin màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ yóò máa san owó orí lórí afẹ́fẹ́ tí ẹran rẹ̀ ń tú sójú ọ̀run. Lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó, ìròyìn méjèèjì kò bára tan. Ṣùgbọ́n okùn kan ló so wọ́n pọ̀. Kí ìjọba tó lè gba owó orí lórí afẹ́fẹ́ màlúù, tàbí kí orílẹ̀-èdè kan tó lè gba owó ìrànwọ́ nítorí pé ó ti dín in kù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ iye tó jẹ́. Ta ló wọ̀n ọ́n? Irú òṣùwọ̀n wo ló fi wọ̀n ọ́n? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan Nàìjíríà nìyẹn, ìdáhùn tó sì wà nílẹ̀ báyìí kò tẹ́ni lọ́rùn.

Inú ṣàkì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ yàtọ̀ sí adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ni wọ́n. Koríko gbígbẹ tí ọmọ ènìyàn kò lè jẹ, wọn a gbé e mì, yóò sì wọ inú àpò tó tóbi jù nínú àpò mẹ́rin tó wà ní ikùn wọn, èyí tí àwọn alápatà ń tà fún wa ní ṣàkì. Ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ti ń bá ẹran náà sọ koríko di oúnjẹ. Bí wọ́n ti ń ṣe é ni afẹ́fẹ́ kan tí à ń pè ní mẹ́téènì ń kóra jọ, tí màlúù sì ń gùfẹ̀ rẹ̀ síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìdí ni afẹ́fẹ́ yìí ń gbà jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu àti imú ni èyí tó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ń gbà. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran náà ń tú tiwọn sílẹ̀, pàápàá afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní náítírọ́ọ̀sì ọ́ksáìdì.

Mẹ́téènì kì í pẹ́ lójú ọ̀run. Bíi ọdún méjìlá ló ń lò, nígbà tí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tó ń jáde láti inú ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀nba àkókò tí ó bá fi wà níbẹ̀, ooru tí ó ń há mọ́ ayé lára ju ti kábọ́ọ̀nù lọ lọ́nà púpọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún, títí kan Nàìjíríà, fi tọwọ́ bọ àdéhùn mẹ́téènì tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ìpàdé Glasgow lọ́dún 2021, pé kí gbogbo wọn jọ dín in kù ní ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sí bó ṣe wà ní 2020, kí ọdún 2030 tó parí.

Yàrá, garawa àti ìwé ìṣirò

Báwo ni ènìyàn ṣe ń wọn ohun tí ojú kò rí? Ọ̀nà tó dájú jù ni kí wọ́n ti màlúù kan mọ́ inú yàrá tí wọ́n dí pinpin, tó jẹ́ pé ojú ihò kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ wà ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, wọn yóò máa fún un ní oúnjẹ àti omi, ẹ̀rọ yóò sì máa ka gbogbo èémí rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi agolo kékeré kan sí inú ṣàkì màlúù tó ń jẹ̀ kiri, èyí tí yóò máa tú afẹ́fẹ́ àjèjì kan sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọn yóò sì so ìgò mọ́ ọn lọ́rùn láti gba èémí rẹ̀. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ àjèjì náà ni wọn yóò fi mọ ìwọ̀n mẹ́téènì. Ọ̀nà kẹta ni ẹ̀rọ tó ń fi oúnjẹ tan màlúù. Bí ẹran bá ki orí bọ̀ ọ́ láti jẹun, ẹ̀rọ yóò fa èémí ẹnu rẹ̀, yóò sì wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára, ṣùgbọ́n owó gegere ni wọ́n ń gbà, kò sì sí ìjọba kan tó lè fi wọ́n wọn gbogbo màlúù ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ìṣirò ni gbogbo ayé ń lò. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lágbàáyé tí a mọ̀ sí IPCC, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, ló kọ ìwé ìlànà rẹ̀, wọ́n sì pín in sí ìpele mẹ́ta. Ní ìpele kìn-ín-ní, orílẹ̀-èdè yóò ka màlúù rẹ̀, yóò sì fi iye kan tó wà nínú ìwé sọ ọ́ di púpọ̀. Ní ìpele kejì, yóò lo ohun tó mọ̀ nípa màlúù tirẹ̀ gan-an: bó ṣe tóbi tó, ohun tó ń jẹ, wàrà tó ń mú wá, ibi tó ń rìn dé. Ìpele kẹta jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn orílẹ̀-èdè olówó díẹ̀ ló sì ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ni yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò ìpele kìn-ín-ní. Ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba ṣe jákèjádò Nàìjíríà lọ́dún 2011 sọ pé màlúù tó wà nílẹ̀ yìí tó mílíọ̀nù 19.5. Ìwé IPCC ti ọdún 2006 sọ pé màlúù Áfíríkà kan tí kì í ṣe ti wàrà ń tú kìlógíráàmù 31 mẹ́téènì jáde lọ́dún kan. Bí a bá ka gbogbo wọn sí irú màlúù bẹ́ẹ̀, ohun tí a ó rí jẹ́ tọ́ọ̀nù 604,500.

Lọ́dún 2019, ìgbìmọ̀ náà tún ìwé rẹ̀ ṣe pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tuntun. Iye tó wà fún màlúù Áfíríkà kan náà kúrò ní 31, ó di 52. Ẹ fi 52 sọ mílíọ̀nù 19.5 di púpọ̀, ẹ ó rí tọ́ọ̀nù 1,014,000. Màlúù kan ṣoṣo kò kún àwọn ti tẹ́lẹ̀. Koríko tí wọ́n ń jẹ kò yí padà. Síbẹ̀, ẹ̀sùn tó wà lọ́rùn wa ti fi nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lé sí i, nítorí pé nọ́ńbà kan yí padà nínú ìwé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn onímọ̀ ń purọ́ mọ́ wa. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé ìpele kìn-ín-ní wà fún ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, àti pé ibi tí màlúù bá ti kó ipa ńlá, ìpele kejì ni ó yẹ kí wọ́n lò. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Ìwé IPCC jẹ́ ṣòkòtò tí wọ́n rán fún gbogbo Áfíríkà lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí màlúù oníwo gbọọrọ tí àwọn Fúlàní ń dà títí dé màlúù kúkúrú muturu tó ti wà nínú igbó wa tipẹ́.

Iye màlúù náà gan-an kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1992, èyí tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú àti ẹsẹ̀ ṣe, sọ pé màlúù tó wà ní Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.9. Láàrin ìgbà náà sí 2011, mílíọ̀nù 5.6 ti lé sí i. Ẹran tó ń sọdá ibodè láti Niger àti Chad, tó ń dé ọjà Kara lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lónìí, tí wọ́n sì ń pa lọ́la, orúkọ orílẹ̀-èdè wo ni kí wọ́n kọ afẹ́fẹ́ ẹnu rẹ̀ sí?

Àríyànjiyàn dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà pẹ̀lú

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni iṣẹ́ yìí ń dà láàmú. Lọ́dún 2006, FAO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ pé ẹran ọ̀sìn ló ń tú ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún jáde nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tí ọmọ ènìyàn fi ń mú ayé gbóná, ó sì ní iye náà ju ti gbogbo ọkọ̀ ayé lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Frank Mitloehner ti Yunifásítì California ní Davis tako ìfiwéra yìí. Ó ní wọ́n ka ti màlúù láti orí igbó tí wọ́n pa títí dé orí ẹran tó dé ọjà, ṣùgbọ́n èéfín tó jáde nígbà tí ọkọ̀ ń rìn nìkan ni wọ́n kà fún ọkọ̀. Lọ́dún 2010, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìwé náà gbà pé òótọ́ wà nínú àtakò yìí. Nígbà tó di 2013, FAO gbé ìdá 14.5 jáde. Nínú ìwé tó gbé jáde lọ́dún 2023, ó ti di nǹkan bí ìdá 12. Bí ìlànà ìṣirò ṣe ń yí padà wà lára ohun tó fà á.

Pípa mẹ́téènì dà sí ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù tún jẹ́ ìjà mìíràn. Lọ́dún 1995, IPCC ní tọ́ọ̀nù kan mẹ́téènì dúró fún 21 ti kábọ́ọ̀nù láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó di 25 lọ́dún 2007, ó di 28 lọ́dún 2013, ó sì wá di 27 fún ti màlúù lọ́dún 2021. Bí ó bá jẹ́ ogún ọdún ni a fi ṣe òdiwọ̀n, ó tó nǹkan bí 80. Tọ́ọ̀nù 604,500 tí a rí lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ mílíọ̀nù 12.7 tàbí mílíọ̀nù 48, ó kù sí ọwọ́ ẹni tó mú gègé.

Ohun tí Kenya ṣe

Ní Nairobi, olú-ìlú Kenya, àjọ ILRI tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn ní ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní Mazingira. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn yàrá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, kí wọ́n lè wọn màlúù Áfíríkà nílẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ kó wọ̀ wá lọ́kàn jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Nyando, ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, tí wọ́n sì gbé jáde lọ́dún 2018. Wọ́n tọ màlúù àwọn àgbẹ̀ kéékèèké lọ ní àkókò òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n gbé ẹran sórí ìwọ̀n, wọ́n wo koríko tí ó ń jẹ, wàrà tí ó ń mú wá àti bí ó ṣe ń rìn jìnnà tó. Ohun tí wọ́n rí ni pé abo màlúù tó ti dàgbà kò tú tó kìlógíráàmù 30 jáde lọ́dún. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé afẹ́fẹ́ tó ń ti inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ màlúù jáde lórí pápá ibẹ̀ kò tó èyí tó wà nínú ìwé.

Kì í ṣe gbogbo àbájáde ló gbè wá. Nínú àwọn yàrá Nairobi ni wọ́n ti rí i pé màlúù tí ebi ń pa ń tú mẹ́téènì jáde lórí kílò koríko kan ju èyí tó jẹun tó lọ. Àwọn darandaran wa mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn ń fi ojú ẹran wọn rí, wọn yóò sì mọ ìtumọ̀ èyí.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọn yóò ní gáàsì tí wọ́n ń fi iná sun ní Niger Delta láti ọjọ́ pípẹ́ ni kí ìjọba kọ́kọ́ wò, àti pé kì í ṣe màlúù wa ló bẹ̀rẹ̀ sí mú ayé gbóná. Òótọ́ kò ṣàì sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ewu tó wà nínú òṣùwọ̀n àgbàbọ̀, orí àgbẹ̀ tálákà ni yóò kọ́kọ́ dà lé.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nínú ìṣirò ìpele kìn-ín-ní, màlúù kan jẹ́ màlúù kan. Bí àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn bá gbin koríko, tó gbẹ́ kànga, tó tọ́jú ẹran rẹ̀ débi pé wàrà tí màlúù mẹ́ta ń mú wá tẹ́lẹ̀ ti ń ti ara ẹyọ kan jáde, ìwé kò ní rí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí iye náà fi lè wálẹ̀ ni kí màlúù dín kù. FAO sọ lọ́dún 2010 pé ohun tí kílò wàrà kan ń ná ojú ọ̀run ní ìsàlẹ̀ Sàhárà tó kílò 7.5, nígbà tí ti Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà wà láàrin kílò kan sí méjì. Ohun tó fà á ni pé wàrà màlúù wa kéré, kì í ṣe pé èémí rẹ̀ pọ̀ ju tiwọn lọ. Ibi tí àtúnṣe wà nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni òṣùwọ̀n àgbàbọ̀ kò lè dé.

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣòfin lórí fífi ẹran jẹ̀ ní gbangba lọ́dún 2016, Ọ̀yọ́ tẹ̀lé e lọ́dún 2019, Oǹdó, Ọ̀ṣun, Èkó àti Ògùn sì ṣe tiwọn lọ́dún 2021. Ọ̀rọ̀ ààbò ló bí àwọn òfin náà. Ṣùgbọ́n bí màlúù bá ti dúró lójú kan, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ wá bá a, afẹ́fẹ́ rẹ̀ yóò yí padà, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò sì kóra jọ síbì kan, èyí tó lè dára tàbí kó burú, bí wọ́n bá ṣe tọ́jú rẹ̀ sí. Bí a kò bá wọ̀n ọ́n kí àyípadà náà tó ṣẹlẹ̀, a kò ní ní ohun tí a ó fi wé e lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ga ju agbára wa lọ. Àdéhùn Paris ti là á kalẹ̀ pé láti ìparí ọdún 2024, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yóò máa jábọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Òfin ojú ọjọ́ tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2021 ti fi ìgbìmọ̀ lélẹ̀ tí yóò máa bójú tó irú nǹkan báyìí. Yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ní àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ ẹran, ilé ìwádìí Shika ní Zaria sì wà pẹ̀lú. Ìwọ̀n, okùn tí a fi ń wọn àyà màlúù, àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọn yóò tọ darandaran lọ ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ ẹran ọ̀sìn tuntun náà lè fi kíka ẹran àti ìpele kejì yìí ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀.

Dẹ́ńmáàkì mọ iye tó máa gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka ẹran rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní New Zealand, owó orí tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́dún 2003 dá ìjà sílẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì fi orúkọ owó orí ìsó ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ títí ìjọba fi fà sẹ́yìn.  Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Bí wọ́n bá gbé ìwé gbèsè màlúù dé iwájú Nàìjíríà lọ́la, tí a kò ní nọ́ńbà kan tó jẹ́ tiwa lọ́wọ́, ẹnu wo ni a ó fi kọ̀ ọ́?