Ẹ Yé Ta Oògùn Tí Ń Jẹ Egungun Bí Ẹní Ń Ta Ẹ̀pà

Bí ìyá àgbà bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí wọn kán, ará ilé á ní ogbó ló dé. Àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó kàn wà lórí ìdúró tó ṣubú, bí egungun rẹ̀ bá le, kò yẹ kó kán. Egungun ìyá ti fẹ́lẹ́ nínú tipẹ́. Osteoporosis ni àwọn dókítà ń pè é. Kì í ṣe làkúrègbé o: kì í ro èèyàn, kì í wú, àfi ọjọ́ tí nǹkan bá kán.

Ojoojúmọ́ ni ara ń tú egungun, tó sì ń tún un mọ. Títí a ó fi tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, mímọ ló ń pọ̀ ju títú lọ. Lẹ́yìn náà, títú á bẹ̀rẹ̀ sí í borí. Ti obìnrin máa ń yá jù nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró. Ẹni tí tirẹ̀ dá kó tó pé ọdún 45, ẹni tí òbí rẹ̀ ti kán ní ìbàdí rí, ẹni tó rù jù, amusìgá, ọ̀mùtí, gbogbo wọn ni kó ṣọ́ra. Ọkùnrin náà kò yọ sílẹ̀.

A ò lè pààrọ̀ ìyá tó bí wa, a ò sì lè dá ọjọ́ orí padà. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tó jẹ́ pé owó la fi ń rà á: prednisolone àti dexamethasone. Oògùn gidi ni wọ́n lọ́wọ́ dókítà, pàápàá fún ikọ́ fée. Ní kẹ́mísì ńkọ́? Ọmọge ń rà á kó lè sanra. Àwọn alágbo kan ń lọ̀ ọ́ mọ́ àgbo làkúrègbé. Ìrora á lọ lọ́jọ́ kejì, aráyé á máa yin àgbo. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ara mọ egungun tuntun bó ṣe yẹ, kì í sì í jẹ́ kí ìfun gba èròjà calcium inú oúnjẹ dáadáa. Mílígíráàmù 5 prednisolone lóòjọ́ fún oṣù mẹ́ta ti tó kí dókítà máa ṣàníyàn nípa egungun ẹni.

Nítorí náà, a ní kí kẹ́mísì má tà á fún ẹni tí kò mú ìwé dókítà wá. Kí NAFDAC máa yẹ àgbo ọjà wò, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ nìkan. Kí ilé ìwòsàn má kàn lẹ POP mọ́ obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún tó ṣubú lásán tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán, kí wọ́n ní ó máa lọ láìyẹ egungun rẹ̀ wò. Ẹ̀rọ tó ń wọn egungun wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè FRAX tí dókítà fi ń ṣírò ewu kí egungun kán, tó jáde ní 2008, kò fi dandan bèèrè ẹ̀rọ náà.

Ẹni tó bá ti ń lo prednisolone tàbí dexamethasone tipẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Ara yín lè ti gbàgbé bó ṣe ń pèsè irú èròjà yìí fúnra rẹ̀, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Ẹ kó oògùn àti ìgò àgbo náà lọ bá dókítà, kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.