Ẹ Gbé Etí Wáyà Yẹn Sókè

Ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Òkìtìpupa dé Ìrẹ̀lẹ̀, títí wọ Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, ibi tó ti lo ohun tó lé ní ọdún 10 láìrí iná ìjọba pọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sínú òkùnkùn yẹn ti ń lọ sílé ìwé, òkú wáyà ló sì rí lórí òpó ní kékeré. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ pé kó bẹ̀rù wáyà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta áńténà rédíò hámù sí àgbàlá ní Òde-Ìrẹ̀lẹ̀ kò gbọdọ̀ so etí rẹ̀ síbi tí ọwọ́ èèyàn lè tó.

Àwọn hámù ni àwọn tó gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò tiwọn bá ará Jámánì tàbí Brazil sọ̀rọ̀ láti ilé, láìgbowó. Ti Nàìjíríà, 5N ni orúkọ ìpè wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ̀rù kí là ń dá ba àwọn, ṣebí bátìrì ọkọ̀ ló ń gbé rédíò náà, fóltì 12 péré. Òótọ́ ni, 12 ló wọlé. Ṣùgbọ́n rédíò 100 wáàtì ń ti nǹkan bíi fóltì 70 jáde sí àárín wáyà, nígbà tó bá sì fi máa dé etí, ó ti tó 500, góńgó rẹ̀ ń kan 700. Iná ilé tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kò ju 240 lọ.

Ẹ bu omi sínú ọpọ́n gbọọrọ, kí ẹ máa mì ín síwá sẹ́yìn. Láàárín, omi ń sáré lọ sáré bọ̀, kì í ga. Etí ọpọ́n, níbi tí kò ti rọ́nà lọ mọ́, ló ti ń gòkè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iná ń ṣe nínú áńténà.

Ẹni tí iná ilé bá gbé á gbọ̀n, á sì fa ọwọ́ yọ bó bá lágbára. Ti rédíò kì í múni gbọ̀n. Ìgbà mílíọ̀nù 7 ló ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣan ara kò lè bá a sáré. Jíjó ló ń jóni: ojú awọ á funfun, ihò tíńtín á wà níbẹ̀, ẹran abẹ́ rẹ̀ á sì ti sè kí olúwarẹ̀ tó mọ̀. Rọ́bà ara wáyà tí wọ́n ń tà lọ́jà kò sì dá a dúró, torí irú iná yìí ń ti inú rọ́bà bọ́ sí ọwọ́ tó bá dì í mú.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó wo ilé iṣẹ́ rédíò HCJB ní Quito, olú ìlú Ecuador, tó ga ju mítà 2,800 lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, iná ń yọ lára etí áńténà wọn lóru, ó sì ń yọ́ irin rẹ̀ jẹ. Ohun tí Clarence Moore, ẹnjiníà wọn, ṣe ni pé ó yí wáyà po di igun mẹ́rin, kó má baà ní etí rárá. Àwọn hámù káàkiri ayé ṣì ń lo irú áńténà náà dòní.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà gan-an ni áńténà olópòó kan. Wọ́n á gé ọparun, wọ́n á gbé àárín wáyà lé e lórí, wọ́n á wá fa apá méjèèjì wálẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 10. Bó bá dagun bí òrùlé, á fi nǹkan bíi mítà 7 wálẹ̀. Bí òpó bá jẹ́ mítà 8, mítà 1 ló kù láàárín etí wáyà àti ilẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n àyà ọmọdé. Àti pé ní àgbàlá wa, wáyà tó bá wà ní ìwọ̀n àyà, okùn aṣọ ni. Ẹ wo obìnrin tó gbé aṣọ tútù lọ́wọ́ dé ìdí rẹ̀.

Kí òpó ga tó mítà 10, tàbí kí wọ́n fi okùn ọ̀rá fa etí wáyà jìnnà, kó dúró ní mítà 3 sókè, ó kéré tán. Kó má ṣe okùn òwú, torí òjò tiwa kì í ṣe kékeré, okùn tó bá rin á máa gbé iná. Wọ́n ní pátákó ìkìlọ̀ tó. Ta ni yóò kà á fún ọmọ ọdún 3?

Mo gbà pé ẹni tó ń lo wáàtì 5 kò léwu tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí wáyà tirẹ̀ náà lè kọjá fóltì 100. Ẹni tí àgbàlá rẹ̀ bá há, kó dín wáàtì kù, tàbí kó lọ ta á sí oko. Kò sí ìwé àṣẹ 5N tó sọ pé dandan ni kí wọ́n gbọ́ ọ ní Brazil lálẹ́ òní.