Lẹ́tà mẹ́rin péré lẹ fi ń sá fún ìwé

Ẹ̀yin ará Tchaourou, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, ìwé mẹ́ta ni mo kà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ (1938): ìwàásù ibẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ dùn bí oyin. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí (1969): òun ni mo fẹ́ràn jù, bí Lápàdé ṣe ń tọpa àwọn ọ̀daràn kò jẹ́ kí n sùn. Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974): Àjàní bí mi nínú, ó ń fi ọkàn ọmọbìnrin ṣeré.

Tí mo bá ní kí ẹ kà wọ́n, ẹ ó ní, "Ìwé ará Nàìjíríà ni, lẹ́tà wọn yàtọ̀." Àwáwí ni! Níbi tí àwa ti ń kọ ɛ, ɔ, kp àti sh, àwọn ń kọ ẹ, ọ, p àti ṣ. Ẹni tó rí "eau" lédè Faransé tó sì pè é ní "o", ṣé àmì kékeré abẹ́ lẹ́tà ló máa dá a dúró?

Ààlà àwọn òyìnbó ti pín ilẹ̀ wa. Ẹ má jẹ́ kó pín ìwé wa. Ẹ ra ọ̀kan, kí ẹ kà á fáwọn ọmọ lálẹ́.